Èrò dókítà ọkàn kejì láti òkè òkun: kí ni kí á kọ́kọ́ fi ránṣẹ́?

Ọmọ Ìtòkò kọ̀wé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni mo gbé wá. Ọmọ ọdún 27 ni, ilé ọkọ rẹ̀ wà ní Àsẹ̀rò, kò sì tíì bímọ. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí mímí ti ń ṣòro fún un bí ó bá gun òkè, tí ikọ́ sì ń dà á láàmú lóru bí ó bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, wọ́n ṣe ECG (àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù) àti ẹ́kò (àwòrán ọkàn bí ó ṣe ń mì) fún un, dókítà ọkàn sì sọ fún wa pé fáàfù mítírà rẹ̀, ìyẹn ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà láti yàrá òkè bọ́ sí yàrá ìsàlẹ̀ ní apá òsì ọkàn, ti le, ó sì ti fún, ojú ihò tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá kò sì ju sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó 1.1 lọ mọ́. Ó ní ọ̀fun ríro tí a kò tọ́jú dáadáa nígbà èwe ni ó sábà máa ń bí irú àìsàn yìí. Ó kọ oògùn fún un, ó sì ní a óò ní láti pààrọ̀ fáàfù náà nípa iṣẹ́ abẹ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n wa tí ó wà ní Kánádà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ la àyà àbúrò òun ní Nàìjíríà, ó ní kí á máa wá fíísà Íńdíà. Bàbá wa ní dókítà ti sọ̀rọ̀, àfojúdi ni kí á tún máa gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri. Ní ti àbúrò mi fúnra rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni ó ń béèrè: ṣé òun yóò lè bímọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí? Mo fẹ́ mọ bí a ṣe lè gba èrò dókítà ọkàn kejì láti òkè òkun láìba àárín àwa àti dókítà wa jẹ́, àti bóyá dandan ni kí aláìsàn rin ìrìn-àjò kí wọ́n tó lè dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ará Adátán kọ̀wé:

Ọ̀rọ̀ ọkàn kì í ṣe ohun tí a ń fi falẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín tí ó wà ní Kánádà ló sọ òdodo. Ẹ kó owó jọ, ẹ gbé e lọ sí Íńdíà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ àwọn tí wọ́n gbé lọ tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn padà.

Ìyá Nọ́ọ̀sì Lántorò kọ̀wé:

Ọmọ Ìtòkò, ẹ kú àìsùn o, Ọlọ́run yóò fún àbúrò yín ní àlàáfíà. Mo pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù obìnrin kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi sọ fún bàbá yín ni pé kò sí àfojúdi nínú kí aláìsàn fẹ́ gbọ́ ohùn dókítà mìíràn kí wọ́n tó la àyà rẹ̀. Àwọn dókítà fúnra wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ara wọn. Wọ́n á gbé àwòrán kan kalẹ̀, wọ́n á jọ wò ó, wọ́n á sì jiyàn lé e lórí. Ohun tí ó máa ń dùn wọ́n ni kí ìdílé aláìsàn yọ́ kẹ́lẹ́ lọ, kí wọ́n sì padà dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan pẹ̀lú oògùn tí kò sí ẹni tí ó lè ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ lọ bá dókítà yín ní gbangba. Ẹ sọ fún un pé: «Dókítà, ẹ ṣeun. Nǹkan ńlá ni ẹ sọ fún wa yìí, a sì fẹ́ kí dókítà ọkàn mìíràn bá wa wo àwòrán náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kọ lẹ́tà sí i.» Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí èyí, lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ bá sì kọ yóò dára ju gbogbo àlàyé tí ẹ̀yin lè ṣe lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ìwé dù yín, ẹ rán an létí pé Ìwé Ẹ̀tọ́ Àwọn Aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2018 fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀, òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 náà sì tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé aláìsàn ni ẹ̀tọ́ náà wà fún. Àbúrò yín ni yóò buwọ́ lùwé ìbéèrè, kì í ṣe ẹ̀yin tàbí ẹ̀gbọ́n Kánádà, nítorí òfin ìlera ti ọdún 2014 kò gba ilé ìwòsàn láyè láti máa fi àṣírí aláìsàn lé ẹbí lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i.

Ohun tí ẹ óò gbà ni ẹ́kò náà fúnra rẹ̀, èyí tí ọkàn ti ń mì nínú rẹ̀, kì í ṣe ìwé àbájáde nìkan, ìwé ECG, fọ́tò àyà, àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti orúkọ gbogbo oògùn tí ó ń lò pẹ̀lú ìwọ̀n wọn. Mo tún fẹ́ béèrè: ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisílínì? Èyí tí wọ́n máa ń gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin ni mo ń sọ, kí ọ̀fun ríro mìíràn má baà tún wá ba fáàfù náà jẹ́ sí i. Ẹ má jẹ́ kí ìrìn-àjò tí ẹ kò tíì lọ dá abẹ́rẹ́ yìí dúró.

Ọmọ Ìtòkò kọ̀wé:

Mọ̀mọ́, ẹ ṣeun púpọ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ náà. Ìwé àbájáde ẹ́kò nìkan ni ó wà lọ́wọ́ wa, ojú ewé kan ni, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wa pé ẹ̀dà èyí tí ọkàn ti ń mì wà níbìkankan.

Dókítà Ọkàn Ìbàdàn kọ̀wé:

Èmi kò rí aláìsàn, èmi kò sì rí àwòrán, nítorí náà n kò ní sọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe fún un. Ṣùgbọ́n mo lè sọ ohun tí ó yẹ kí ẹ béèrè, nítorí ìbéèrè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mú dání nígbà tí wọ́n bá ń wá èrò dókítà kejì. Wọ́n á kó ìwé jọ, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí London tàbí Chennai ní Íńdíà, wọ́n á ní «Ẹ bá wa wò ó», èsì tí yóò sì padà wá ni pé fáàfù ti fún, kí ẹ lọ bá dókítà yín. Ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn, owó sì ti lọ.

Fáàfù mítírà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá máa ń ṣí tó sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó 4 sí 6. Bí ó bá ti wá sí 1.5 tàbí tí ó kéré sí i, a ti kà á sí èyí tí ó fún gidigidi. Bí 1.1 tí wọ́n kọ yẹn bá jẹ́ òótọ́, dókítà yín kò ṣàṣejù rárá bí ó ṣe ní kí ẹ ṣe nǹkan sí i. Nítorí náà, ẹ má ṣe ná owó lórí bóyá àìsàn wà tàbí kò sí. Ohun tí ó yẹ kí dókítà kejì dáhùn ni bóyá fáàfù náà ṣì ṣeé ṣí láìpààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí kò gba líla àyà. Ọ̀gbẹ́ni Kanji Inoue ní Japan ni ó gbé e jáde fún àgbáyé ní ọdún 1984. Wọn yóò ti ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba iṣan ẹ̀jẹ̀ òkè itan lọ sínú ọkàn, bàlúùnù kékeré wà ní orí rẹ̀. Bí ó bá dé ẹnu fáàfù, wọn yóò fẹ́ bàlúùnù náà, àwọn ètè fáàfù tí ó ti lẹ̀ mọ́ra yóò sì ya. Aláìsàn kì í sábà pẹ́ ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo fáàfù ni ó gbà á. Fáàfù náà kò gbọdọ̀ máa jò púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì kò gbọdọ̀ sí nínú yàrá òkè ní apá òsì ọkàn, ètè rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tíì gan bí egungun. A máa ń fún un ní máàkì: bí ètè náà ṣe ń mì sí, bí ó ṣe nípọn sí, bí ó ṣe gan sí, àti bí àwọn okùn tí ó so ó mọ́lẹ̀ ṣe rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 4. Bí àpapọ̀ rẹ̀ kò bá ju 8 lọ, bàlúùnù sábà máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ wo ìwé ojú ewé kan tí ó wà lọ́wọ́ yín. Bí máàkì yìí kò bá sí níbẹ̀, tí kò sì sọ̀rọ̀ nípa jíjò àti ẹ̀jẹ̀ dídì, dókítà òkè òkun yóò kọ́kọ́ béèrè wọn ni. Láti rí ẹ̀jẹ̀ dídì dáadáa, wọ́n máa ń ṣe ẹ́kò tí wọ́n ń ti ọ̀fun sọ̀ kalẹ̀, tí a ń pè ní TEE. Kò di dandan kí ẹ kúrò ní Nàìjíríà fún ìyẹn.

Ní ti ọmọ bíbí, ọ̀rọ̀ àbúrò yín ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Nígbà oyún, ẹ̀jẹ̀ inú ara obìnrin máa ń pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, fáàfù tí ó fún báyìí kò sì lè gba gbogbo rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fẹ́ tún un ṣe kí oyún tó dé. Kí òun àti ọkọ rẹ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa ìfètòsọ́mọ-bíbí fún àkókò yìí. Bí ó bá wá di dandan láti pààrọ̀ fáàfù, irú èyí tí wọn yóò fi sí i ni ìbéèrè kejì. Fáàfù irin máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n yóò máa lo warfarin títí ayé rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i lára, warfarin sì lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Èyí tí wọ́n fi ara màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ ṣe kì í sábà béèrè warfarin títí ayé, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè gbó lára ọ̀dọ́, wọn yóò sì tún padà ṣí àyà. Kò sí èyí tí kò ní wàhálà tirẹ̀ nínú méjèèjì.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Leeds kọ̀wé:

Dókítà ti sọ èyí tí ó wúwo jù. Mo ti bá ẹbí ṣètò irú ìmọ̀ràn yìí níhìn-ín, mo sì fẹ́ fi kún un pé kí ẹ fi àìsàn yan ìlú, kí ẹ má fi orúkọ ìlú yan ìtọ́jú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo wà yìí, àwọn arúgbó tí fáàfù wọn gbó ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí dókítà ọkàn ń rí. Fáàfù tí ọ̀fun ríro ìgbà èwe bàjẹ́ ti ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn tí wọ́n bí síbí. Íńdíà àti Íjíbítì ní tiwọn ṣì ń rí i gan-an, ọwọ́ dókítà tí ó ń ṣe bàlúùnù yìí déédéé sì yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi dókítà tí ẹ bá yàn bí òun ṣe ń ṣe é tó. Ìbéèrè yẹn kò burú.

Bí ẹ bá sì yan ẹni kan níbí, orúkọ gbogbo dókítà tí ó ní ìwé àṣẹ wà nínú ìwé orúkọ GMC, àjọ tí ó ń fún àwọn dókítà níwèé àṣẹ níbí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó sì rí i bóyá ó jẹ́ amọ̀ja nínú ìtọ́jú ọkàn lóòótọ́. Ẹ béèrè iye owó kí ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá òun fúnra rẹ̀ yóò wo ẹ́kò náà tàbí ìwé àbájáde nìkan ni yóò kà, àti bóyá yóò kọ lẹ́tà padà sí dókítà yín ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí kò bá lè kọ lẹ́tà, tí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni yóò sọ lórí fóònù, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má sì rò pé ẹ lè gbé e wá sí ilé ìwòsàn ìjọba níbí lọ́fẹ̀ẹ́: àlejò tí kò ní ẹ̀tọ́ sí NHS ní England máa ń san ìlọ́po kan àti ààbọ̀ iye tí iṣẹ́ náà ń ná ìjọba.

Ní ti ọkọ̀ òfuurufú, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn wà ní orí òkè tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000. Ẹni tí mímí ti ń ṣòro fún ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé dókítà kọ ìwé pé ó lè fò, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà sì lè béèrè fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Nítorí èyí gan-an ni mo ṣe fẹ́ kí àwòrán ṣáájú aláìsàn.

Ará Adátán kọ̀wé:

Mo ti gbọ́ àlàyé Dókítà, n kò sì ní jiyàn. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ èyí tí mo mọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ owó ni iṣẹ́ mi. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa Íńdíà, àwọn ajẹ́ńtì yóò rọ́ dé. Àwọn kan nínú wọn ń ṣe iṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni ilé ìwòsàn tí wọ́n bá gbé aláìsàn lọ ń fún ní owó, nítorí náà ibi tí owó wọn ti ń wá ni wọn yóò máa tọ́ka sí. Ẹ má san owó iṣẹ́ abẹ sínú àpò ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí ilé ìwòsàn náà fúnra rẹ̀ kọ iye tí yóò gbà, kí ó sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí kò sí, bí àfikún ọjọ́ ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Ìwé yẹn náà ni ẹ óò mú lọ sí báńkì yín bí ẹ bá fẹ́ fi Fọ́ọ̀mù A ra owó ilẹ̀ òkèèrè fún ìtọ́jú.

Aláṣọ Àdìrẹ Ìtòkú kọ̀wé:

Ẹ̀yin ará, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Fáàfù irin wà nínú àyà tèmi, Íńdíà ni wọ́n ti fi í sí i, mo sì dúpẹ́ pé mo wà láàyè tí mo ń ta àdìrẹ. N kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ Íńdíà máa ń dúró sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Wọn kì í sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ènìyàn bá padà sílé.

Ìrìn-àjò náà ní ètò tirẹ̀, ó sì ṣeé ṣe. Ilé ìwòsàn ibẹ̀ yóò kọ lẹ́tà ìpè, ẹ óò fi gba fíísà ìtọ́jú fún aláìsàn àti fíísà alátìlẹ́yìn fún ẹni tí yóò bá a lọ, ẹ óò sì mú yẹ́lò káàdì dání. Èyí kò le. Ohun tí ó le ni pé nígbà tí mo dé, ilé ìwòsàn tí ó ṣiṣẹ́ fún mi ti kọ lẹ́tà tí ó gùn gbọọrọ, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ dókítà Nàìjíríà kankan nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ ibi tí n óò ti máa yẹ INR mi wò. INR yìí ni wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ dì sí. Fún fáàfù mítírà tí a fi irin ṣe, wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí ó wà láàárín 2.5 sí 3.5. Bí ó bá wálẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí fáàfù lára kí ó sì fa àrùn rọpárọsẹ̀. Bí ó bá ga jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà láìdúró. Mo níláti rìn káàkiri kí n tó rí dókítà tí ó gbà láti máa mójú tó ẹni tí kì í ṣe òun ló rán lọ. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó lọ. Ẹ bi dókítà yín ní ìlú yìí pé, bí a bá lọ tí a sì bọ̀, ṣé ẹ óò gbà wá padà?

Nípa oúnjẹ, àwọn kan ní kí n má jẹ ewédú àti ẹ̀fọ́ mọ́ láé. Dókítà mi ní rárá, ó ní kí n máa jẹ wọ́n ní ìwọ̀n kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n má jẹ ẹ̀kún abọ́ lónìí kí n sì gbàgbé wọn fún oṣù kan, nítorí ohun tí ó wà nínú ewé tútù máa ń bá agbára warfarin jà. Àgbo ni mo fi sílẹ̀ pátápátá, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí yóò ṣe sí i. N kì í sì í gba oògùn ara ríro lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń kiri oògùn. Káàdì fáàfù mi, tí irú rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ wà lára rẹ̀, wà nínú pọ́ọ̀sì mi níbi gbogbo.

Mo sọ gbogbo èyí nítorí ọmọbìnrin ọdún 27 náà. Bí bàlúùnù tí Dókítà sọ bá lè ṣe é, ẹ kọ́kọ́ lé ìyẹn dé òpin.

Onímọ̀ Kọ̀ǹpútà Pansẹ́kẹ́ kọ̀wé:

Nípa ẹ̀dà ẹ́kò: ẹ béèrè fún DICOM, bí wọ́n ṣe ń pè é ní ẹ̀ka àwòrán nìyẹn, lórí sídì tàbí fíláàṣì tuntun tí ẹ rà fúnra yín. Bí ó bá pẹ́ jù, ẹ̀rọ náà lè ti pa á rẹ́ láti fi àyè gba ti ẹlòmíràn, nítorí náà ẹ tètè lọ. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣí i fún yín lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ọkàn kò bá mì nínú rẹ̀, àwòrán ojú kan lásán ni wọ́n fún yín. Ẹ má fi fóònù ya ojú ẹ̀rọ, ẹ má sì fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí fídíò, nítorí yóò fún un pọ̀, ohun tí dókítà fẹ́ rí yóò sì pòórá. Ẹ kó gbogbo fódà náà pọ̀ láìyọ ohunkóhun, ẹ gbé e sí ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ní ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà náà ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí àbúrò yín wà nínú fáìlì yẹn, ẹ má gbé e sí ojú-òpó yìí tàbí sí ẹgbẹ́ ìdílé kankan.

Alàgbà Kémta kọ̀wé:

Ọmọ mi, ẹ bá mi kí bàbá yín. Ọjọ́ orí wa kò ní jìnnà sí ara wọn. Àwa tí a dàgbà nígbà tí dókítà jẹ́ ọba kékeré, ẹnu wa kì í gbà láti bi í ní ìbéèrè, mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Kánádà ni mo fẹ́ fèsì sí, nítorí ó dà bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó ti ṣí àyà rí ní ilẹ̀ yìí. Ọdún 1974 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ṣíṣí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Enugu, Magdi Yacoub, ọmọ Íjíbítì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì wà lára àwọn tí ó ṣe é. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí náà, àwọn Tristate, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn kan, ń ṣiṣẹ́ ọkàn ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Babcock ní Ìlísàn-Rẹ́mọ. N kò sọ pé ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ, n kò sì mọ̀ wọ́n rí. Mo ní kí ẹ pè wọ́n, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà tí ẹ fẹ́ bi àwọn ará Íńdíà. Bí Ìlísàn àti Íńdíà bá sọ ohun kan náà, ọkàn bàbá yín yóò balẹ̀, owó ẹ̀gbọ́n yín yóò sì rí ibi wúlò sí.

Mo tún ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ kò sí nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ má yọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Ìtòkò kọ̀wé:

Bàbá, ẹ ṣeun, ọkọ rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ báyìí. Òun ni ó bá a lọ bá dókítà. Gẹ́gẹ́ bí Mọ̀mọ́ ṣe wí ló rí: dókítà kò bínú, ó tilẹ̀ ní òun náà ti ń rò ó láti rán an lọ ṣe TEE ní Ìbàdàn kí ó tó di pé a gbé ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kalẹ̀. Ó fún wa ní ẹ́kò náà lórí fíláàṣì, ọkàn sì ń mì nínú rẹ̀. Bàbá wa ń gbọ́, kò tíì sọ nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n Kánádà sì ti gbà pé kí àwòrán lọ ṣáájú.

Ẹ bá mi wo lẹ́tà tí a fẹ́ kọ mọ́ ti dókítà: «Obìnrin ọmọ ọdún 27, kò tíì bímọ, ó sì fẹ́ bímọ. Fáàfù mítírà rẹ̀ fún, ihò rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó 1.1. Wọ́n ti gbà á níyànjú láti pààrọ̀ fáàfù. Ǹjẹ́ dókítà wa tọ̀nà? Ṣé fáàfù yìí gba bàlúùnù? Bí kò bá gbà á, irú fáàfù wo ni ẹ óò yàn fún un, kí sì ni ìdí rẹ̀? Ṣé àwọn dókítà yín ń ṣe bàlúùnù yìí déédéé?»

Dókítà Ọkàn Ìbàdàn kọ̀wé:

Lẹ́tà náà dára. Ẹ yọ «Ǹjẹ́ dókítà wa tọ̀nà» kúrò. Yóò sọ ọ́ di ẹjọ́, ẹni tí ó bá sì ń dá ẹjọ́ máa ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹ fi kún un bóyá ọkàn rẹ̀ ń lù déédéé tàbí ó ń ta kókó, ìyẹn wà nínú ECG, àti orúkọ oògùn pẹ̀lú ìwọ̀n wọn. Ẹ ní kí dókítà náà sọ ohun tí ó lè mú kí èrò rẹ̀ yí padà, bí àpẹẹrẹ bí TEE bá fi ẹ̀jẹ̀ dídì hàn. Ẹ má tíì fi í ránṣẹ́ títí TEE yóò fi jáde, kí ẹ má baà san owó ìmọ̀ràn lẹ́ẹ̀mejì. Bí mímí rẹ̀ bá wá le lójijì nígbà tí ẹ ń dúró, tàbí tí ó ń hú ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ọwọ́ tàbí ẹnu rẹ̀ kan rọ, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ (FMC) ní Ìdí-Àbà lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de èsì ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ìtòkò kọ̀wé:

A ti gbọ́, Dókítà. Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni TEE náà. Ọkọ̀ ojú irin láti Láderin ni a óò bá lọ sí Ìbàdàn, kí ó má baà máa mì gbọ̀ngbọ̀n lójú títì.

Ìyá Nọ́ọ̀sì Lántorò kọ̀wé:

Ẹ rí i pé kò jẹun fún wákàtí mẹ́fà, ó kéré tán, kí wọ́n tó ṣe é, kí ẹ sì bi wọ́n nípa omi àti oògùn àárọ̀ nígbà tí ẹ bá ń gba ọjọ́. Bí eyín àtọwọ́dá bá wà lẹ́nu rẹ̀, kí ó sọ fún wọn. Wọ́n lè fún un ní oògùn tí yóò mú un tòògbé, nítorí náà kí ọkọ rẹ̀ bá a lọ, kí ó má sì jẹ tàbí mu ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀ títí wọn yóò fi sọ pé ọ̀fun rẹ̀ kò kú mọ́.